Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ kò mọ ìka yàtọ̀: Ẹ pa á kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò yẹ kí ọwọ́ ọmọdé tàbí ti àgbàlagbà wọ̀ rárá. Ibẹ̀ náà ni ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń yí. Ẹnu kèrègbè há, òun fúnra rẹ̀ ló ń lé ọwọ́ àgbà padà. Ẹnu ẹ̀rọ ní tirẹ̀ gbòòrò, ó ń gba ọwọ́ tọmọdé tàgbà, kì í sì í dá a padà bó ṣe gbà á.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé tí wọ́n ti ń ṣe gàrí nílẹ̀ Yorùbá, yálà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì tàbí Kwara, ará ibẹ̀ mọ ẹnì kan tí ẹ̀rọ ti gé ní ìka, tàbí tí àpá ẹ̀rọ bo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ṣì ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹni tó ti ń lò ó láti ọdún pípẹ́ ni ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn, tí ìbẹ̀rù sì ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó lè dènà ìjàm̀bá yìí kò ju agbára wa lọ. Igi pẹlẹbẹ kan, ìdérí onírin tí wẹ́dà àdúgbò lè ṣe, àti sùúrù ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni. Ohun tí ìròyìn yìí dá lé lórí nìyẹn: bí a ṣe lè lo ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ fún wa láì gba ẹ̀yà ara wa.

ÌKÁNJÚ LÓ Ń FA Á

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní gbágùúdá, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá nílẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Apá gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn Potogí ló kó o wọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní ti ilẹ̀ Yorùbá, àwọn òpìtàn gbà pé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí tàn kálẹ̀. Títí di òní, àwọn ará Brazil ṣì ń jẹ èyí tó jọ gàrí wa, farinha ni wọ́n ń pè é.

Lóde òní, Nàìjíríà ni FAO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, kà sí orílẹ̀-èdè tó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ. Ohun tí à ń wú nílẹ̀ lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń gba ẹnu ẹ̀rọ kọjá kó tó di gàrí tàbí fùfú.

Láyé àtijọ́, páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni àwọn ìyá wa fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n á gbé e sínú ọpọ́n, wọ́n á sì máa fi ẹ̀gẹ́ ha á títí ọpọ́n yóò fi kún. Páànù náà máa ń bó wọn lọ́wọ́, àmọ́ kì í sábà ju kí awọ ara bó lọ. Agbára ọwọ́ ẹni tó ń rin ín ló ń ṣiṣẹ́ náà. Bó bá ti dùn ún, yóò dúró. Ẹ̀rọ ni kì í dúró nítorí pé nǹkan dun ẹnì kan.

Ẹ̀rọ gba àwọn ìyá wa lọ́wọ́ ìyà ńlá, kò sẹ́ni tó lè jiyàn èyí. FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Oshodi l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1956, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí bí wọn yóò ṣe máa fi ẹ̀rọ ṣe gàrí. Àwọn onímọ̀ ní IITA n'Íbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967, náà ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀gẹ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà wa sì kọ́ ọ, wọ́n ń ṣe é ní ìlú ńlá àti ìlú kékeré. Iṣẹ́ tí èèyàn mẹ́rin ń fi ọjọ́ kan ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń ṣe é kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú ẹni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í ṣe iṣu tí a lè kó sínú abà kó máa dúró dè wá. Láàárín ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 3 tí a bá ti wú u, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kò sì ní ṣe é fi ṣe gàrí gidi mọ́. Bákan náà, ẹ̀gẹ́ tútù tó tó kílò 4 tàbí 5 ló ń di gàrí kílò 1. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù pọ̀, àkókò kò sì sí. Bó bá di ọ̀la ọjọ́ ọjà, ìlà á gùn, ẹ̀rọ á sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gẹ́ ńlá kan á há sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹni tó ń bọ́ ẹ̀rọ á rò ó pé tí òun bá pa á, òun yóò tún ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fà á kó tó tan. Ó kúkú yá, á ní kí òun fi ọwọ́ tì í wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ẸNU Ẹ̀RỌ

Ó dára kí a mọ ohun tí à ń bá lò. Nínú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, igi tàbí irin róbótó kan wà tó rí bí ìlù. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu ni wọ́n fi wé e lára, ẹnu ihò tó rí ṣóṣóró sì kọjú síta. Òun ló ń ha ẹ̀gẹ́ di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yálà èyí tó ń mu bẹntiróòlù tàbí èyí tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Bẹ́líìtì ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìlù náà, tí ó fi ń yí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí ìlù náà bá ń yí ní ìgbà 1,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 20 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí nǹkan bá kan ọwọ́ èèyàn lójijì, ó máa ń gbà tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan kí ara tó gbọ́, kí ọwọ́ sì tó sún padà. Kí ẹni náà tó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ìlù náà ti yí ní ìgbà 5 lórí ìka rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó bá sọ pé òun mọ bí òun ṣe ń yẹra fún un, ẹ̀rọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ibi mẹ́ta ni ewu wà lára ẹ̀rọ yìí. Èkíní ni ẹnu tí a ń da ẹ̀gẹ́ sí. Èkejì ni bẹ́líìtì àti wíìlì tó ń yí i, nítorí ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọnú wíìlì máa ń fa aṣọ, irun àti ìka mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú sálẹ́ńsà rẹ̀ tó ń gbóná bí iná, epo rẹ̀ tó lè gbiná, àti èéfín rẹ̀ tó lè pa èèyàn.

KÍ Ẹ TÓ TAN Ẹ̀RỌ

Aṣọ ni ká kọ́kọ́ wò. Aṣọ tó bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò yẹ ẹni tó fẹ́ dúró ti ẹ̀rọ. Ẹni tó bá wọ bùbá ọlọ́wọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀, kó ká a sókè dáadáa. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fún ìró yín mọ́ra, ẹ má ṣe so ìborùn mọ́ ọrùn, ẹ má sì jẹ́ kí etí gèlè máa rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá di irun gígùn, kó kó o sínú fìlà tàbí kó fi aṣọ wé e. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ bọ́ wọn sílé. Bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ dára ju sálúbàtà lọ.

Ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n kò gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ. Ọmọ ẹ̀yìn kò mọ ewu, ó lè na ọwọ́, ọ̀já tó gbé e sì lè tú, kí etí rẹ̀ wọ bẹ́líìtì. Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn níbi tó jìnnà díẹ̀. Ní ti àwọn ọmọdé tó ti ń rìn, ẹ fa ìlà sílẹ̀ yí ẹ̀rọ ká, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá a. Iṣẹ́ bíbọ́ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iléèwé tó wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ilẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ń yọ̀ bí omi ilá. Ẹni tó bá yọ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ kò ní ibòmíràn tí yóò di mú ju ara ẹ̀rọ náà lọ. Ẹ máa da iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ sí ojú ilẹ̀ tó bá ti rin, kí ẹ sì la ojú ọ̀nà tí omi náà yóò máa gbà ṣàn jáde. Ẹ kó èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ.

Ẹ wo inú ẹnu ẹ̀rọ bóyá òkúta, ọ̀bẹ tàbí ìṣó bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ wo ìdérí bẹ́líìtì bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, tí bóòtù rẹ̀ sì fún. Kí ẹni tó fẹ́ tan ẹ̀rọ tó fà á, kó pariwo síta pé òun fẹ́ tan án, kó sì wojú gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ẹnì kan lè ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti nù ún nígbà tí ẹlòmíràn ń fà á.

Ẹ̀yin tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí a ń fi irin yí kó tó jí, ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò yí irin náà po. Ẹ jẹ́ kí àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka tó kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà lójijì, irin náà á bọ́ lọ́wọ́ yín wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí àtàǹpàkò bá wà lódìkejì, ó lè kán.

BÍ Ẹ̀RỌ BÁ Ń ṢIṢẸ́

Ẹ kọ́kọ́ gé ẹ̀gẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ bá ń bẹ ẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó bá mọ níwọ̀n kì í há. Ẹ má ṣe dà á kún ẹnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bù ú sí i. Ẹni tó fi ìkánjú da agbọ̀n kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun kan náà ni yóò padà fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yọ ọ́.

Igi ni kí ẹ fi ti ẹ̀gẹ́, kì í ṣe ọwọ́. Kí igi náà gùn tó apá àgbàlagbà, kó fẹ̀ nísàlẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan igi kékeré mọ́ ọn ní ìbú lókè, kí ó lè kọ́ ẹnu ẹ̀rọ, kó má baà dé ara ìlù. Igi ni a wí, kì í ṣe irin. Bí irin bá kan ìlù, ó lè ta jáde kó ba ẹni tó mú un, ó sì lè ya páànù. Igi tó bá jẹ díẹ̀, a lè pààrọ̀ rẹ̀ lọ́la.

Bí ẹ̀gẹ́ bá há tí igi kò sì lè tì í, ẹ pa ẹ̀rọ. Pípa ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ìlù náà á ṣì máa yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ariwo ẹ́ńjìnnì bá ti dákẹ́. Ẹ fi ojú rí i pé ó dúró pátápátá. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù, ẹ yọ wáyà tó wà lórí púlọ́ọ̀gì. Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ẹ dí ojú ọ̀nà epo, kí ẹ sì bọ́ bẹ́líìtì sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi igi kó ohun tó há jáde. Yíyí ìlù pẹ̀lú ọwọ́ láti tú ohun tó há lè jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó ti kú jí padà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì ti tó láti gba ìka. Ìdí tí a fi ń yọ wáyà púlọ́ọ̀gì nìyẹn.

Ẹ má ṣe bá ẹni tó ń bọ́ ẹ̀rọ jà, ẹ má sì bá a ṣeré. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Ẹni tó bá ti mu ẹmu tàbí ògógóró kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí iná kò sì tàn dáadáa, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ di ọ̀la. Ìbọ̀wọ́ aláṣọ kò dára fún ẹni tó ń bọ́ ẹ̀rọ, nítorí ìlù lè mú aṣọ náà, kó sì fa ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ wọlé.

EPO, INÁ ÀTI ÈÉFÍN

Ẹ má ṣe bu epo sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ṣì ń gbóná. Ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ náà ni wọ́n ti ń yan gàrí, iná igi sì ń jó lábẹ́ agbada. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó lè rìn lọ bá iná níbi tó jìnnà, kí iná náà sì sá tọ epo wá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ibi ìyan-gàrí jìnnà sí ẹ̀rọ. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí epo wà, kó má ṣe sí nínú ilé tí èèyàn ń sùn, kó má sì sí nínú ìgò ọtí tí ọmọ lè gbé mu. Ẹ gbé garawa iyanrìn sítòsí, nítorí omi kì í pa iná bẹntiróòlù, ńṣe ló ń tàn án káàkiri.

Èéfín sálẹ́ńsà ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Carbon monoxide ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun kan náà ni jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sínú ilé fi ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn èèyàn nínú. Àtíbàbà tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dára jù, kí ẹnu sálẹ́ńsà sì kọjú síta, síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Bí orí bá ń fọ́ àwọn tó wà nítòsí, tí ojú ń pòòyì tàbí tí èébì ń gbé wọn, kì í ṣe oòrùn ló ń pa wọ́n dandan. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ kó wọn bọ́ síbi tí atẹ́gùn wà, kí ẹ sì gbé ẹni tó bá dákú lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

ÌTỌ́JÚ TÍ KÌ Í JẸ́ KÍ Ẹ̀RỌ DALẸ̀

Ẹ̀rọ tí wọn kò tọ́jú ló ń há lójoojúmọ́, èyí tó ń há lójoojúmọ́ ló sì ń pe ọwọ́ wọlé. Ìtọ́jú ẹ̀rọ kì í ṣe ti owó nìkan, ti ìka ni pẹ̀lú.

Ní àràárọ̀, kí ẹ tó tan án, ẹ yẹ ọ́ìlì wò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bó bá ti dínkù, ẹ fi kún un. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré oníbẹntiróòlù wá sọ pé kí a pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn wákàtí 20 tí ó bá ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo wákàtí 100. Ẹni tó ń lò ó fún wákàtí 5 lójúmọ́, ọjọ́ 20 ni wákàtí 100 rẹ̀ ń pé. Ẹ fi èédú kọ ọ́ sára ògiri kó má baà di ìgbàgbé.

Asẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń mí máa ń dí nítorí eruku. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Bẹ́líìtì ńkọ́? Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀. Bó bá wọlé díẹ̀, bí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan, ó dára. Bó bá dẹ̀ jù, ńṣe ni yóò máa yọ̀, ìlù kò ní lágbára, ẹ̀gẹ́ á sì máa há. Bó bá le jù, yóò tètè ba bíárìn jẹ́. Èyí tó bá ti sán tàbí tó ti ya létí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ti bẹ́líìtì sórí wíìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń ṣe é bí ẹni ń fi ìgboyà hàn, kò sì sí ìgboyà kankan níbẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n gan-an, gbígbọ̀n rẹ̀ ló sì ń tú bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Ẹ fi sípánà fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pàápàá àwọn tó mú ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Ẹ fi gírísì sí bíárìn, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù dànù kó má baà kán sínú oúnjẹ.

Páànù ara ìlù ni ohun tó ń kan oúnjẹ gan-an. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin. Páànù tó bá ti dípẹtà tàbí tí ihò rẹ̀ ti ku kò rin ẹ̀gẹ́ kúnná mọ́, ègé rẹ̀ sì lè bọ́ sínú gàrí tí ọmọ aráyé fẹ́ jẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí kì í dípẹtà gbówó lórí jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ láyé jù ú lọ pẹ̀lú. Lálaalẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ̀rọ tí ẹ sì ti yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́wọ́ gígùn fọ ìlù náà. Ẹ má ṣe da omi sí ẹ́ńjìnnì tó ń gbóná.

Bí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá pẹ́, ńṣe ló ń dì bí oje igi nínú kábúrétọ̀, ẹ̀rọ kò sì ní jí lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ẹ fa epo inú táǹkì jáde, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi mu èyí tó kù tán tí yóò sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ dẹ bẹ́líìtì, kí ẹ sì fi tapólì bò ó kúrò lọ́wọ́ òjò.

BÍ ÌJÀM̀BÁ BÁ ṢẸLẸ̀

A kò ní gbàdúrà kó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni pípa ẹ̀rọ, kì í ṣe fífa ẹni náà. Gbogbo ẹni tó ń dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á, ẹ fi ọ̀dà pupa kun ún. Bí ọwọ́ bá ṣì há, ẹ bọ́ bẹ́líìtì, kí ẹ rọra yí ìlù padà sẹ́yìn.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ, ẹ má sì ṣí aṣọ náà wò léraléra. Ẹ má ṣe da bẹntiróòlù, ọ́ìlì, eérú tàbí ìgbẹ́ ẹran sí i. Bí ìka bá já, ẹ wá a rí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé e, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì gbé ọ̀rá náà sínú omi tó ní yìnyín. Ìka náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan yìnyín tàbí omi. Ẹ gbé e tẹ̀lé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kódà bí ọgbẹ́ bá kéré, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Àrùn yìí ló ń jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ há, tí gbogbo iṣan ara á sì le gbagidi. Ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ó sì ń pa èèyàn lẹ́yìn tí ọgbẹ́ náà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

TA LÓ NI OJÚṢE NÁÀ?

Òfin tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1987, ti sọ pé dandan ni kí wọ́n dí apá ẹ̀rọ tó bá léwu kí òṣìṣẹ́ má baà fara kó o. Òfin mìíràn tún wà, ti ọdún 2010, tó ní kí agbanisíṣẹ́ máa san owó fún àjọ NSITF, kí òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí owó ìrànwọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àtíbàbà gàrí ló jẹ́ ti ìdílé tàbí ti ẹnì kan. Ẹni tó ń bọ́ ẹ̀rọ kì í ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìyá tó gbé ẹ̀gẹ́ wá kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìka bá já, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló ń ru ẹrù náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ni ẹ̀rọ, ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní ìdérí bẹ́líìtì nígbà tí wọ́n rà á, wọ́n yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, wọn kò sì dá a padà mọ́. Ẹ wá a rí. Bó bá ti sọnù, kí wẹ́dà fi irin àti wáyà ṣe òmíràn. Kó ṣe ẹnu ẹ̀rọ ga sókè, kó gùn ju apá lọ, kí ọwọ́ má lè dé ara ìlù bó ti wù kí ìkánjú pọ̀ tó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe gàrí, ẹ lè dáwó ṣe é fún gbogbo ẹ̀rọ abúlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má ṣe pariwo lé ẹni tó pa ẹ̀rọ láti yọ ohun tó há. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi dá yín dúró, ọwọ́ ẹnì kan ló fi rà padà.

Ìyá tó ń yan gàrí nílò ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti fi bẹ ẹ̀gẹ́, láti fi jọ̀ ọ́, láti fi yan án, àti láti fi ka owó rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú ẹ̀rọ. Kí ọwọ́ tó lọ síbi tó ń yí, ẹ pa á.